Omi Oyniso Kò Ṣìnà

Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá adágún ilé ìwé wa ní ìlú Margilan láàárọ̀ kùtù, ìdí mi sókè bí ti ewúrẹ́ tó ń mumi, mo ń yí páìpù onípáìpù. Ẹ̀yin ọmọ tí mo ń lé kúrò nídìí ṣúgà lónìí, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, owú sì ti jẹ mí dé eegun.

Oyniso ọ̀rẹ́ mi ló ni páìpù náà. Ọjọ́ agogo ìkẹyìn ni, ọjọ́ tí àwọn tó ń parí ilé ìwé ń dágbére, gbogbo àgbà àdúgbò ló sì ń bọ̀. Àwa méjèèjì la ṣe omi ọ̀ṣọ́ tí páìpù ń tú sókè sí adágún, kálukú pẹ̀lú páìpù tirẹ̀. Tìṣà Ergash ti ní ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù lòun máa kọ lẹ́tà fún, kó lọ kọ́ṣẹ́ omi ní Tashkent, olú ìlú wa. Lẹ́tà kan ṣoṣo.

Èmi, ojú lásán ni mo fi wọn tèmi. Oyniso mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ó ṣírò bí omi ṣe ń yára jáde tó àti bí ilẹ̀ ṣe ń fà á wálẹ̀, ó wá gbé páìpù sí ọgbọ̀n dígírì, kí omi tẹ̀ bí ọrun, kó já sínú abọ́ òkúta ní òdìkejì. Ibẹ̀ gan-an ló ń já sí. Kódà ìrìn ẹsẹ̀ Oyniso ń bí mi nínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, gbogbo àwa ọmọbìnrin ti fún omi ewé usma láti fi kun irun òkè ojú. Oyniso nìkan ni kò wá. Ó ní ìṣirò kù. Èmi kùn ún bí ẹni ń kun ògiri, gbogbo ìka mi di aláwọ̀ ewé. Ìka yẹn náà ni mo fi gbé páìpù Oyniso láàárọ̀ láti ọgbọ̀n dígírì dé ọgọ́ta. Mo ṣáà rò pé bó bá ga, á jìnnà, á sì lọ rin àwọn àgbà lórí ìjókòó wọn.

Nígbà tí àwọn àgbà jókòó tán, wọ́n ṣí omi. Tèmi tú díẹ̀, ó dà sínú bàtà ọ̀gá ilé ìwé. Ti Oyniso gòkè, ó ga ní ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, oòrùn ń dán nínú rẹ̀, ó rọra tẹ̀ wálẹ̀, ó já sínú abọ́ òkúta kan náà. Àwọn àgbà gbé ọwọ́ lé àyà láti fi yìn ín. Mo ba nǹkan jẹ́ tán, ó wá dára sí i.

Tìṣà bẹ̀rẹ̀ sí í yin Oyniso, ṣùgbọ́n Oyniso mi orí. Ó ní ọgbọ̀n dígírì lòun gbé e sí. Ni tìṣà bá rí àmì àtàǹpàkò aláwọ̀ ewé lára páìpù. Ó ní ẹni tó ronú àtigbé e sókè báyìí gan-an ni lẹ́tà tọ́ sí.

Ojúkòkòrò bá tì mí síwájú. Mo na àtàǹpàkò sókè. "Èmi ni, tìṣà. Mo kàn ní kí n ràn án lọ́wọ́ ni."

"Ó káre, Sanobar. Wá ṣàlàyé fún àwọn bàbá wa. Kí ló dé tí ọgbọ̀n àti ọgọ́ta fi balẹ̀ síbì kan náà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu àtàǹpàkò mi mọ́ aṣọ.

Oyniso ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní èyí tó rẹlẹ̀ ń yára lọ síwájú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó já; èyí tó ga ń pẹ́ lókè, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀ lọ síwájú. Bí a bá ro dígírì méjèèjì pọ̀ tó pé àádọ́rùn-ún, ibì kan náà ni wọ́n á já sí. Ó wá yíjú sí mi.

"Tó bá jẹ́ pé ṣe lo fẹ́ bà á jẹ́, ọ̀rẹ́ mi, márùndínláàádọ́ta ni ò bá gbé e sí. Ibẹ̀ lomi ti ń jìnnà jù. Ò bá ti bi mí."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí tíì inú ife wọn fi dànù. Bàbá àgbà tèmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà rẹ̀, ó dìde, ó lọ sílé. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Oyniso gba lẹ́tà. Èmi gba orúkọ: "Ọgọ́ta" ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí títí dòní, bẹ́ẹ̀ mo ti lé ní àádọ́rin.

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Owú kì í jẹ́ kéèyàn jókòó ṣírò. Ká ní mo fi agbára tí mo fi yí páìpù yẹn béèrè ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ Oyniso ni, bóyá lẹ́tà méjì ni tìṣà ì bá kọ.