Igbá Mẹ́ta Tó Ń Ránṣẹ́ Síra Wọn

Sẹ̀kínát ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ìlọ́bù ni wọ́n ń gbé, lọ́dún 1998, nígbà tí kò sí fóònù kankan nílé wọn.

Màmá Hàfúsátù, ìyá ìyá rẹ̀, ń sá ata. Orí àpáta ló ń sá a sí, lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún. Ata pupa fòò!

Ṣùgbọ́n òjò ò mọ ata. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rọ̀ lé ata Màmá lórí. Gbogbo rẹ̀ ló jẹrà.

"Ata tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá yìí ló kù o," Màmá wí. "Bí òjò bá tún pa á, a ò ní rí ata jẹ lẹ́ẹ̀rùn." Màmá ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú Sẹ̀kínát bà jẹ́ gan-an.

Àǹtí Shakirah, àbúrò ìyá rẹ̀, gbọ́. Àǹtí Shakirah máa ń tún rédíò ṣe. Ó tún mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà.

Ó mú igbá mẹ́ta. Ó ṣí páálí ìṣáná kan. Ó mú kọ̀ǹpútà mẹ́ta jáde níbẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà nìyí?" Sẹ̀kínát bi í. "Kò mà ju èékánná mi lọ!"

"Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ," Àǹtí Shakirah dáhùn.

Ó fi ìda lẹ kọ̀ǹpútà àti bátìrì mọ́ ìdí igbá kọ̀ọ̀kan. Ó gbé igbá kan sórí àpáta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata. Ó so ìkejì mọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Ó gbé ìkẹta sínú ilé.

"Sáré lọ sílé," ó sọ fún Sẹ̀kínát. "Lọ dúró ti igbá ilé, kí o tẹ́tí sílẹ̀."

Sẹ̀kínát sáré. Ó dúró. Ó tẹ́tí.

Tó! Àǹtí kán omi sínú igbá àpáta.

Wìì! Igbá àpáta ránṣẹ́ sí igbá máńgòrò.

Wìì! Igbá máńgòrò ránṣẹ́ sí igbá ilé.

Píì! Píì! Píì! Igbá ilé ké.

Ẹnu Sẹ̀kínát là sílẹ̀. Ó wo abẹ́ igbá. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sí okùn. Kò sí wáyà.

"Ta ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá?" ó bi Àǹtí nígbà tó dé.

"Inú afẹ́fẹ́ ló gbà, bí ohùn rédíò. Mo ti sọ fún Màmá pé bí òjò bá kán sí igbá àpáta, igbá ilé á ké pè wá."

Sẹ̀kínát kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin igbá," ó kí wọn. Ẹni tó bá ṣe irú èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá lọ yí ata. Ó rí igbá òfìfo tó lanu sókè. Nílé Màmá, ẹnikẹ́ni kì í fi igbá òfìfo sílẹ̀ kó lanu. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é. Gbì! Ó dojú rẹ̀ dé, ó sì padà sílé.

Nígbà tó di ọ̀sán, Sẹ̀kínát rí ojú ọ̀run. Ó ṣú dùdù lápá Ìfọ́n, ìlú tó wà nítòsí.

Gbìrìrì! Àrá sán.

"Màmá, òjò ń bọ̀ o!"

"Ìfọ́n ló ń rọ̀ sí," Màmá wí. "Igbá tiwa ò tíì ké."

Ọkàn Sẹ̀kínát ò balẹ̀. Ó ki eré mọ́lẹ̀. Kítí-kítí, ó kọjá oko ẹ̀gẹ́. Kítí-kítí, ó dé orí àpáta.

"Yéè! Ẹ ti dojú dé! Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí òjò?"

Ó ṣí igbá sókè. Òjò ò tíì dé, àmọ́ ó ń rí i bó ṣe ń bọ̀. Ata pọ̀. Ọwọ́ òun kò ju méjì. Bó bá sáré lọ pe àwọn ará ilé, òjò á ti dé.

Igbá fẹ́ omi. Omi dà?

Ó fẹ́ tutọ́ sí i. Tú! Kò sí itọ́. Eré ti gbẹ ẹ́ lẹ́nu.

Sẹ̀kínát wo ata. Ó mú ọ̀kan. Ó dijú, ó gé e jẹ.

"Hàà! Ṣùùù! Ṣùùù!"

Itọ́ dà ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀. Tó! Tó! Tó! sínú igbá.

Ó dúró. Ṣé wọ́n gbọ́? Òun ò gbọ́ nǹkan kan níbí.

Wò ó! Àǹtí Shakirah ń sáré bọ̀ lábẹ́ máńgòrò, pẹ̀lú agbọ̀n! Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ká ìró sókè.

Sẹ̀kínát dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti délé.

Wọ́n kó ata. Wọ́n kó, wọ́n kó, wọ́n kó. Bí wọ́n ṣe wọlé báyìí, wààà! Òjò dé.

"Igbá yìí mà gbọ́n o!" Màmá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Òjò ò tíì kán, ó ti pè wá!"

"Èmi ni mo pè yín, Màmá," ni Sẹ̀kínát wí. "Igbá ti dojú dé."

Màmá fọwọ́ lérí. "Áà! Ọwọ́ mi yìí ni!" Ó fa Sẹ̀kínát mọ́ra. "Ọmọ mi, ìwọ lo gba ata wa là."

Sẹ̀kínát fẹ́ dáhùn, àmọ́ ẹnu ṣì ń ta á. Ó kàn yọrí lójú fèrèsé, ó yọ ahọ́n síta, kí òjò kán sí i.