Ohùn Ìsàlẹ̀ tí Onígbàjámọ̀ Ń Kọ

Mò ń tẹ píánò lọ́wọ́ nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga kan ló dúró síbẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin ńlá kọ́ ọrùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Sítúdíò mi ló wà lẹ́yìn ògiri yín. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ yẹn, orin wo ni?"

"Orin àtijọ́ ni. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi."

"Ẹ gbọ́ ná. Bó ṣe ń rìn gan-an ni orin ìfẹ́ tí mo ṣe lánàá ṣe ń rìn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó. Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Etí Ehoro ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ẹ̀rọ ìgbọ́rin yẹn. Kò pẹ́ tí èmi náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní píánò. Orin àtijọ́ ló fi jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Etí Ehoro wá tọrọ mi, Bàbá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," Bàbá ní. "Ṣùgbọ́n ò ń gé orin àwọn àgbà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, o wá ń fi ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, wá kọ́ ojúlówó lọ́dọ̀ mi, kí n fún ọ lọ́mọ mi."

Mo rò pé yóò gbà. Ó tẹrí ba.

"Ẹ ṣeun, sà. Bí mo bá ju iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn nù nítorí ọmọ yín lónìí, kí lẹ rò pé mo máa jù nù lọ́la?"

Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. "Ìlù rẹ lo fẹ́ràn," mo sọ fún un lẹ́nu géètì.

"Ìfẹ́ mi, n kò lè fún ọ ní ààbọ̀ ara mi."

Mo kẹ̀yìn sí i. Ní gbogbo àkókò òjò yẹn, ògiri nìkan ló wà láàárín wa, a kò sì sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé kan, Bàbá ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé, apá kan irun orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n gé.

"Bàbá, kí ló ṣe orí yín?"

"Onígbàjámọ̀ ń kọrin ni mo bá dìde. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ o, kì í ṣe tòkè." Ó jókòó. "Gbogbo ayé mi ni mo fi bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fetí sí ohùn yẹn. Onígbàjámọ̀ ní orí rédíò lòun ti gbọ́ ọ, ìyàwó òun fẹ́ràn rẹ̀. Orin ìfẹ́ ọmọkùnrin rẹ yẹn ni, wọ́n dárúkọ rẹ̀ lórí rédíò."

"Ṣé inú ń bí yín ni?"

"Inú mi dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí sítúdíò. Etí Ehoro dìde, ó kí i. Bàbá ní kó fi orin náà sí i, ó di ojú, ó sì gbọ́ ọ dópin.

"O sáré jù níbí," ó ní. "Jẹ́ kó mí."

"Ẹ wá fi hàn mí, sà."

Bàbá jókòó ti píánò tó wà ní sítúdíò náà. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n jiyàn, mo sì gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi. Omi bọ́ lójú mi.

Etí Ehoro wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

"Díẹ̀."

"Màá dúró kí díẹ̀ náà tán."

"Ó ti tán," mo ní, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ sọ fún mi. Àna mi, padà wá síbí ná. Iṣẹ́ kò tíì tán."