Fọ́tò Ṣọ́jà Lẹ́bàá Títì Ìkirè

“Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, Ṣọ́jà wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Má rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ṣe bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.”

Soliat gbé àgbọ̀n sókè. Oòrùn ọ̀sán ń jó o lẹ́yìn ọrùn nínú aṣọ ológun tó nípọn, ṣùgbọ́n kò mira. Iwájú ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà búlúù kùn ní Ìkirè ló dúró sí. Wọ́n ti kọ “Ilé Ìfowópamọ́ Ọ̀la-Ń-Bọ̀” gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Oní-fọ́tò ń yí i ká, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀gbẹ́ni Akínbíyì tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ká ọwọ́ sáyà, ó ń mi orí bí ẹni tó ra ọjà tó wù ú.

Ọlọ́kadà kan dẹwọ́ ìrìn. “Soja sister, we dey hail o.”

Soliat ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ọmọ Àpòmù ni. Ẹ̀gúsí ni Sàlámọ̀tù, ìyá rẹ̀, ń tà lọ́jà níbẹ̀, nígbà tí Soliat sì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, “Ẹlẹ́gùúsí” ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí èèpo ẹ̀gúsí kì í tán lára yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń jókòó sí. Á gbé ojú sí fèrèsé, á sì máa rí ara rẹ̀ níbi tó jìnnà réré, nínú aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ṣe ẹlẹ́yà. Aṣọ náà ló wà lọ́rùn rẹ̀ lónìí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ṣọ́jà ní Sáríà ni. Wọ́n ní kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí ilé kí wọ́n tó forí lé Bọ̀rnó. Owó oṣù rẹ̀ yóò máa wọ báńkì ńlá kan tó ní ẹ̀ka ní Ìkirè, tó sì ní ẹ̀ka ní Màídúgùri. Ìyẹn kò ní wàhálà. Ohun tó kù ni ibi tí yóò máa tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù sí, nítorí ó ti pinnu pé òun kò ní máa ná owó oṣù òun tán bíi ti àwọn kan.

Lórí èyí ni òun àti ìyá rẹ̀ ṣe fa ọ̀rọ̀ láàárọ̀, kó tó gun ọ̀kadà wá sí Ìkirè.

“Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa wà níbẹ̀,” Sàlámọ̀tù wí, ó ń fẹ́ ẹ̀gúsí lórí atẹ. “Àwọn ni wọ́n yá mi lówó tí a fi kan òrùlé tó wà lórí ẹ yìí. Àwọn náà ni wọ́n yá mi lówó WAEC rẹ.”

“Màámi, ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà nìyẹn. Kí wọ́n tó yá èèyàn ní nǹkan, ó dìgbà tó bá lo oṣù mélòó kan, tó sì mú onídùúró wá. Wọ́n á tún máa bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, bíi pé ilé ẹjọ́ ló wà.”

“Bíbi tí à ń bi ara wa yẹn ni kò jẹ́ kí owó wa sọnù. Àwọn Ọ̀la-Ń-Bọ̀ yìí, ta ló bi wọ́n ní nǹkan kan rí? Ìwé àṣẹ ìjọba wọn dà? Tí mo bá fẹ́ owó mi lọ́la, ojú ta ni màá wò?”

“Wọ́n ní èlé táwọn ń san pọ̀ ju ti gbogbo báńkì lọ.”

“Èlé.” Sàlámọ̀tù gbọn èèpo kúrò lọ́wọ́. “Ìwọ tí mo rán lọ sí ilé kéú. Ó dáa, mi ò bá ẹ jà. Àgbàlagbà ni ẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè bèèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.”

Ohun tí Soliat kò sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé èlé kọ́ ló ń wá. Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyì ti ṣèlérí pé àwọn yóò gbé fọ́tò rẹ̀ sórí pátákó ńlá lẹ́bàá títì. Gbogbo ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ni yóò máa rí i. Gbogbo àwọn tó pè é ní Ẹlẹ́gùúsí ni yóò máa gbé ojú sókè wò ó.

Nítorí náà, kò bèèrè ohunkóhun. Ó fọwọ́ sí ibi tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí, ó mu omi tútù tí wọ́n gbé fún un, ó sì padà sí Àpòmù bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

Ó ti wà ní Bọ̀rnó nígbà tí Ràhmọ̀t fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ àtìgbà ilé-ìwé ni Ràhmọ̀t. Irun ló ń dì fún àwọn èèyàn ní Ìkirè, èrè rẹ̀ sì ń lọ sínú kóló onígi kan lábẹ́ ibùsùn, nítorí ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gbà á wọlé. Ó ku kí ó san owó.

“Ẹlẹ́gùúsí mi,” Ràhmọ̀t kọ, “ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹ lójú títì. O ti di ìyáàfin. Ẹ̀rù àwọn èèyàn yẹn ń bà mí tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rí ìwọ níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo ti fọ́ kóló mi, mo ti kó gbogbo ẹ̀ fún wọn títí dìgbà tí ilé-ìwé bá ní ká wá sanwó. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí?”

Soliat wà lórí iyanrìn lẹ́yìn bárékè, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pé, “Ràhmọ̀t, èmi gan-an ò mọ̀ wọ́n. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Lọ wádìí wọn dáadáa, kí o sì gba owó rẹ ná.”

Ó ka ohun tó kọ. Ó wo ọ̀rọ̀ náà, ìyáàfin, tí Ràhmọ̀t pè é. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì kọ pé: “Fọkàn balẹ̀ jàre.”

Àwọn èèyàn kò tíì parí ìkórè àgbàdo nígbà tí Sàlámọ̀tù pè é.

“Soliat, ṣé o wà níbi tí o ti lè jókòó?”

“Màámi, kí ló dé?”

“Àwọn Ọ̀la-Ń-Bọ̀ ti lọ. Wọ́n ti kó àga, wọ́n ti kó fáànù. Kọ́kọ́rọ́ ńlá ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Fóònù ọ̀gá wọn kò lọ mọ́. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn ń wá a.”

Owó tí òun náà ti ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí Soliat lọ́kàn. “Ràhmọ̀t ńkọ́?”

“Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ ní tiwọn. Wọ́n ní ọmọ Sàlámọ̀tù làwọn rí tí àwọn fi gbé owó lọ síbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Fọ́tò orí pátákó ti ń kiri láti fóònù dé fóònù, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Sájẹ́ǹtì Titus pè é jáde. Kò pariwo, ìyẹn sì dun Soliat ju ariwo lọ.

“Ta ló fún ẹ láṣẹ láti fi aṣọ yìí polówó?”

“Kò sí, sà.”

“O rò pé ìwọ ni wọ́n rí? Àwọn èèyàn ò mọ̀ ẹ́. Aṣọ ìjọba ni wọ́n rí, wọ́n sì rò pé ìjọba ló ń bá wọn ṣọ́ owó wọn.”

Wọ́n fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fagi lé ìsinmi tó kàn án. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò lè gbà ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ti wọlé, Ràhmọ̀t kò sì sí láàárín wọn.

Nígbà tí ó padà rí àyè wálé, aṣọ àǹkárá ló wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ràhmọ̀t ní Ìkirè. Ràhmọ̀t ń di irun fún ọmọbìnrin kan. Kò dáwọ́ dúró.

“Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá ṣọ́jà. Ṣé irun lẹ fẹ́ dì?”

“Ràhmọ̀t, èmi ni.”

“Mo mọ̀ yín dáadáa. Ojú yín ni mò ń rí lójú títì. Ẹ tóbi níbẹ̀ ju báyìí lọ.”

Ọmọbìnrin tó ń dirun rẹ́rìn-ín, ó sì tètè pa á mọ́nú. Soliat jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

“Mo kọ ọ́ o,” ó wí.

“Kí lo kọ?”

“Lọ́jọ́ tí o bi mí bóyá ó dáa. Mo kọ ọ́ pé mi ò mọ̀ wọ́n, pé kí o lọ gba owó rẹ. Mo wá pa á rẹ́.”

Ìyàrí dúró lórí ọmọbìnrin náà. “Kí ló fà á?”

“O pè mí ní ìyáàfin. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.”

Ràhmọ̀t wò ó pẹ́. “Ì bá sàn tó bá jẹ́ owó lo torí ẹ̀ ṣe é. Fọ́tò, Soliat. Torí fọ́tò.”

Afẹ́fẹ́ gbá irun tó já sílẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, Soliat ní, “Mo ti sọ fún Màámi pé mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wọn ní Àpòmù. Mo fẹ́ kí a jọ forúkọ sílẹ̀. Nínú owó oṣù mi, báńkì á máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí orúkọ tìrẹ, títí á fi tó owó nọ́ọ̀sì.”

“Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ.”

“Mo mọ̀.”

“Tí mo bá gbà á, ṣé a ti di ọ̀rẹ́ padà nìyẹn?”

“Rárá o. Owó ilé-ìwé rẹ lásán ni. Ti ọ̀rẹ́, ìwọ lo mọ ìgbà tó máa wù ẹ́.”

Ràhmọ̀t padà sídìí irun. Ó di ẹsẹ̀ kan tán kí ó tó la ẹnu. “Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣèpàdé?”

Lọ́jọ́ ìpàdé, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti jókòó sórí ẹní, Soliat bèèrè débi pé alága wọn bọ́ gíláàsì ojú. Ó bèèrè ibi tí wọ́n ń kó owó sí, àti àwọn tó ń fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé tí ìjọba fún wọn. Ó bèèrè bóyá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà, tí kò lè máa wá sípàdé, ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti yáwó. Wọ́n ní kò lè yá a láìwá fúnra rẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó kúkú ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìdí nìyẹn tó fi pinnu pé òun yóò fi díẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì ńlá, tí ọwọ́ òun lè tó láti Màídúgùri bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì.

“Ó ku ẹyọ kan,” Soliat wí. “Bí mi ò bá padà dé láti ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ta ló máa gba owó mi?”

Sàlámọ̀tù yí ojú sí ògiri, ó ń fi etí gèlè nu nǹkan kan tí kò sí lójú rẹ̀.

“Ẹni tí o bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni,” alága dáhùn jẹ́jẹ́. “Ọlọ́run á dá ọ padà. Ṣùgbọ́n o ṣeun tí o bèèrè. Àwa àgbà ni kì í fẹ́ gbọ́ ọ.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ràhmọ̀t wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kò pe Soliat ní Ẹlẹ́gùúsí mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ó pè é lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ọmọkùnrin kan láti Orílẹ̀-Òwu, Bólúwatifẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ ológun, gba nọ́ńbà Soliat lọ́wọ́ èèyàn.

“Sister, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n máa kó owó mi sí? Báńkì ni àbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù? Ibi tí ẹ bá ní ó dáa ni màá lọ.”

“Mi ò ní dárúkọ ibì kankan fún ẹ,” Soliat dáhùn. “Ronú nípa ibi tí wọ́n máa gbé ẹ lọ, kí o bèèrè bóyá ọwọ́ rẹ á tó owó náà láti ibẹ̀. Bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Bi wọ́n bí o ṣe máa gbà á padà, àti ohun tí wọ́n máa yọ lára ẹ̀. Tí ojú wọn bá fà ro nítorí pé o bèèrè, máa lọ.”

“Haba, sister. Ẹ kàn dárúkọ ẹyọ kan. Mo fọkàn tán yín.”

“Torí pé o fọkàn tán mi gan-an ni mi ò ṣe ní dárúkọ. Lọ bèèrè. Tí o bá bèèrè tán, padà wá sọ fún mi, ká jọ wò ó.”

Bólúwatifẹ́ mí kanlẹ̀. “Ẹ̀yin náà le o.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bóyá aṣọ ológun lẹ máa wọ̀ lọ́la tàbí ti nọ́ọ̀sì, owó iṣẹ́ yín kò gbọdọ̀ wọ ilé tí ẹ kò bi léèrè. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá rẹwà lójú títì ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹnìkan bá sì bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ kó tó lọ, ṣùgbọ́n irọ́ tí a fi bo àìmọ̀ lè gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹni.