Aago Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Máṣíìnì

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wo àtẹ́lẹsẹ̀ màmá aránṣọ, bí ojú rẹ̀ bá gbà á.

Nọ́ọ̀sì ló de aago kan mọ́ ọn lọ́wọ́, bó ṣe de irú rẹ̀ mọ́ gbogbo ìyá àgbà tó ń gba oògùn àtọ̀gbẹ. Ìgbésẹ̀ ni aago yìí ń kà, orí fóònù nọ́ọ̀sì ló sì ń kó iye rẹ̀ sí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lójúmọ́. Bí kò bá rìn, wọn á gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́.

Màmá kórìíra ìrìn. Aago náà ń rí i lára: òógùn ń kó sábẹ́ rẹ̀, ó ń rùn bí àkísà tí kò gbẹ. Ló bá bọ́ ọ, ó fi okùn so ó mọ́ irin tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Kó tó rán ẹ̀wù kan tán, ìgbésẹ̀ ti pé. Nọ́ọ̀sì ń yìn ín, òun ń rẹ́rìn-ín sínú. Ẹni tó ń tan ara rẹ̀ ni òrìṣà òkè ń tàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó síbi fèrèsé, ó ń tú aṣọ. Ilé dákẹ́. Ó gbọ́ kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Irin máṣíìnì ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò kánjú.

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òórùn kọ lù ú. Ohun funfun kan lẹ̀ mọ́ irin náà, ó rọ̀, ó tutù. Awọ gìgísẹ̀ ni, tòun ti sísán rẹ̀. Ó mọ sísán yẹn. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sórí orúnkún: gbogbo abẹ́ rẹ̀ ti bó.

Ó fi àlùmọ́gàjí gé okùn, ó mú aago náà, ó wọ ọkọ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì, ó sì jẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ti aago mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ó sé èémí, ó fi báńdéèjì funfun wé ẹsẹ̀ náà. Ó wá wo fóònù rẹ̀. Iye ìgbésẹ̀ ń lọ sókè.

"Ẹ má mira, Màmá."

"Mi ò mira."

Dúrọ́ọ̀ kò dún. Ẹ̀jẹ̀ yọ lójú báńdéèjì, níbi gìgísẹ̀. Lẹ́yìn náà, níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Gìgísẹ̀. Ọmọ ìka.

"Ẹ bá mi ní kó dúró," Màmá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ta ni dúró?"

Màmá nawọ́ sí fóònù. Ẹgbẹ̀rún méje ti kọjá.