Irun Orí Ètè Vishram

Vishram jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá tí wọ́n ti ń ya sinimá ní Kolhapur, ó ń wo abẹ tó wà lọ́wọ́ Baburao. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ bí àgbàlagbà. Láti kékeré ló ti ń bá ẹgbẹ́ onítíátà kiri, tó ń ṣe obìnrin lórí ìtàgé, nítorí pé obìnrin kì í gun ìtàgé nígbà náà. Nígbà tí ohùn rẹ̀ di ti ọkùnrin, wọ́n ní kó máa lọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ó wá sídìí sinimá, tí kò tíì máa sọ̀rọ̀ láyé ìgbà yẹn.

Irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sórí ètè rẹ̀ ló kù. Ọ̀gá Nimkar, tó ni iṣẹ́, ti ní ẹni tó máa ṣe ayaba nínú sinimá òun kò gbọdọ̀ ní irun lẹ́nu. Bí Vishram ò bá fá a, ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn èèyàn wọn, ọmọkùnrin kì í fá irun yẹn àfi tí bàbá rẹ̀ bá kú. Dhondiba, bàbá Vishram, wà láàyè. Ó ti bá àwọn olùjọsìn fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú mímọ́ Pandharpur.

"Àbúrò, lọ sọ fún ìyá rẹ ná," Baburao, àgbà òṣèré, sọ. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ fá a. Tí mo bá délé, màá ṣàlàyé."

Baburao mí kanlẹ̀, ó sì fá a.

Vishram ṣe ayaba nínú oòrùn títí wọ́n fi parí, ó wá gba ilé lọ. Ìyá rẹ̀, Yesubai, wà létí kànga pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Lọ́dún náà, àrùn onígbáméjì ń pa èèyàn lójú ọ̀nà Pandharpur, ọkàn ìyá náà kò sì balẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Ó gbójú sókè, ó rí ètè ọmọ rẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ òkúta kànga, gbogbo ẹ̀gbà gíláàsì ọwọ́ rẹ̀ fọ́, ó sì nu àmì pupa ìyàwó kúrò níwájú orí. Igbe ta. Vishram ń pariwo pé iṣẹ́ ni, pé bàbá òun kò kú, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Ohun tí ìyàwó kì í ṣe nígbà tí ọkọ wà láyé, ìyá rẹ̀ ti ṣe é.

Nígbà tó ṣe, Dhondiba dé, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ òfìfo ìyàwó rẹ̀, ó wo ètè ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ròyìn fún un.

"Ẹ bá mi bu omi kí n fi ṣan ẹsẹ̀," ó ní. "Ó ti rẹ òkú."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ náà kò kọjá "o káàbọ̀" àti "ó dàbọ̀".

Àwọn èèyàn fẹ́ràn ayaba Vishram. Ó ṣe obìnrin nínú sinimá lọ́pọ̀ ọdún, kò jẹ́ kí irun hù lẹ́nu òun mọ́, títí sinimá fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí àwọn obìnrin sì gba iṣẹ́ wọn. Yesubai ra ẹ̀gbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò wọ ilé sinimá rí.

Nígbà tí Dhondiba wá kú lóòótọ́, tí Vishram ṣì ń ṣe obìnrin nínú sinimá, wọ́n pe onígbàjámọ̀ kó fá irun àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó fá orí Vishram, ó sún abẹ dé ètè, kò rí nǹkan kan fá. Ó kọjá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Vishram jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún. Ohun tí ọmọ fi ń bọlá fún òkú bàbá, òun ti fún Ọ̀gá Nimkar.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tíátà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kan gbogbo ilé, ẹ kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ nílé, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó.