Àwòrán Kan Lójúmọ́ Kan

Atúnmaṣínìṣe náà dojú maṣínì ìránṣọ kan dé lórí tábìlì, ó tú nọ́ọ̀tì méjì tó wà nídìí ilé bọ́bìn, ibi tí òwú ìsàlẹ̀ ń gbé, ó sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Ìdọ̀tí fò jáde. Èyí kì í ṣe èérún òwú tí gbogbo maṣínì máa ń kó sínú. Ó fi ẹ̀mú kékeré yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí bébà bí ẹni ń pàtẹ ọjà: ọ̀rá súìtì pupa, ewé gbígbẹ, irun búrọ́ọ̀ṣì, àti awọ bàtà kan tí kò ju èékánná lọ.

Ọdún méjìlá ló ti fi ń tún maṣínì ṣe. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, láti ọjọ́ tó ti tú maṣínì ìyá rẹ̀ palẹ̀ tó sì jẹ ìyà rẹ̀. Kò rí irú èyí rí.

"Ta ló ń lo maṣínì yìí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó gbójú sókè. Obìnrin aránṣọ náà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, oòrùn òwúrọ̀ ń tàn gba ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì pupa bí òdòdó. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló gún mọ́ irun bíi pé tìmùtìmù ni orí rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì búlúù wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, òwú kan sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ojú rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀ sí i. Ọkùnrin náà gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Inú sì bí i pé ó gbàgbé.

"Ṣé ewúrẹ́ lẹ pe maṣínì ni, tí ẹ fi ń fún un ní ewé?"

"Kò kúkú jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ránṣẹ́ pè yín."

Obìnrin náà ṣí agolo bisikíìtì kan kí ọkùnrin náà wò ó. Àwọn aṣọ kéékèèké tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti fi àjákù aṣọ, ewé, ọ̀rá àti awọ rán àwòrán sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ológbò lórí ògiri, ife tó sán, bàbá arúgbó tó ń sín. Ó ní ọ̀kan lòun ń ṣe lójúmọ́, ohunkóhun tí ojú òun bá rí lọ́jọ́ náà, òun yóò sì ṣe é fún ọdún kan gbáko. Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyẹn.

"Ta ló fẹ́ rà á?"

"Kì í ṣe títà."

"Kí wá ni?"

Ó pa agolo náà dé. "Mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàárín méjì. Mo hun súwẹ́tà kan títí dé ọrùn, mo pa á tì. Abẹ̀rẹ̀-má-parí ni bàbá mi ń pè mí lójú àlejò. Mo fẹ́ parí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n, kódà kó jẹ́ àkísà."

Ọkùnrin náà dé ilé bọ́bìn padà. Ó fi epo sí maṣínì. Ó kọ́ ọ pé abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni kó máa lò fún ìránkúrán bí ewé àti ọ̀rá, ó sì fi abẹ́rẹ́ awọ hàn án, bí ẹnu rẹ̀ ṣe ní igun mẹ́ta tó ń la awọ dípò kó máa tì í. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ yìí bí ẹni rí wúrà. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á, nítorí òun ló fi ń ránṣọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà kò tíì pàdé ẹnikẹ́ni tó fẹ́ mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ní igun.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì láti wo bí maṣínì ṣe ń ṣe. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kẹta.

"Maṣínì yìí kò ṣe nǹkan kan o," ni aránṣọ wí.

"Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ara rẹ̀ le jù."

Nígbà tí àwòrán pé ọgọ́rùn-ún, "ẹ̀gbọ́n" ti di "ìwọ", "ìwọ" sì ti di "ọkọ mi". Ọkùnrin náà bi í bóyá yóò fẹ́ òun. Obìnrin náà fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ọdún bá pé.

"Ọdún wo?"

"Ti àwòrán mi. Ká ní mo bá ìgbéyàwó lọ tí mo pa á tì, ìwọ náà á máa wojú mi pé ìgbà wo ni n ó pa tìẹ tì."

Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní orí àti ìrù. Ó gbà. Kò mọ ohun tó gbà.

Bí wọ́n bá ń lọ síbi kan, obìnrin náà a dúró lójijì lórí agbòòrùn tó ti ya, tí ẹnì kan jù sí gọ́tà, a sì máa wò ó lọ bíi fíìmù. "Ṣé agbòòrùn yẹn lo fẹ́ fẹ́ ni?" ni ọkùnrin náà á bi í. Tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, obìnrin náà a ní ó ku ìyẹ́ kan péré lára ẹyẹ, oúnjẹ a sì tutù. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ìyá ọkùnrin náà, wọ́n á dé lẹ́yìn wákàtí méjì, pẹ̀lú òwú lára.

Ìyá yìí ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. "Ẹnì kan ń kó àkísà jọ, ẹnì kan ń kó ọjọ́ orí jọ," ló ń wí. "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń bẹ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Kì í rán ológbò. Tí ọdún àkísà yìí bá ti lè fi ọjọ́ kan kọjá, èmi fúnra mi ni n ó mú un wá jókòó sí pálọ̀ yìí."

"Màámi, ó ku oṣù márùn-ún péré."

"Mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ igba ó lé méjìlá, ibà dá aránṣọ wó. Láti àárọ̀ ló ti ń sùn tó ń làágùn. Ọkùnrin náà jókòó tì í, ó ń wo aṣọ funfun tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ro bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí bó bá jí tó rí i pé ọjọ́ ti lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó mú abẹ́rẹ́.

Ó ṣe é bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi rúlà wọn ojú ìrán obìnrin náà lára ti àná, ó wá irú òwú kan náà, ó sì rán ìgò oògùn kan pẹ̀lú ṣíbí rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà jí, tó bú sẹ́kún pé ó ti tán, ọkùnrin náà na àwòrán ọ̀hún sí i.

"O ti rán an lọ́sàn-án. Ibà ni kò jẹ́ kí o rántí."

Obìnrin náà gbà á gbọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń to àwọn àwòrán sínú agolo, ó sì dá ọwọ́ dúró.

"Ta ló rán èyí?"

"Ìwọ ni."

"Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ránṣọ. Ojú ìrán mi máa ń fì sí apá kan. Ti èyí fì sí apá kejì."

Ọkùnrin náà gba àwòrán náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti wọn gígùn rẹ̀. Ó ti wọn fífẹ̀ rẹ̀. Òun tó máa ń bú àwọn oníbàárà pé wọn kì í wo ibi tí kẹ̀kẹ́ maṣínì ń yí sí!

Obìnrin náà kò pariwo. Ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú aṣọ funfun tuntun, ó sì kọ "1" sẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe? Ọ̀kan báwo? Igba ó lé ńkọ́? Nítorí ìgò oògùn kan?"

"Ó ti já. Ọjọ́ kan wà tí ọwọ́ mi kò sí nínú rẹ̀."

"Àwòrán tí kò tó àtẹ́lẹwọ́! Ẹ gbà mí o! Ṣé ìgbéyàwó la fẹ́ ṣe àbí ẹ̀wọ̀n?"

"Ilẹ̀kùn ò tì," ni obìnrin náà wí, kò sì gbójú sókè.

Ọkùnrin náà gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, kò sì padà wá fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ó fi ìbínú dè nọ́ọ̀tì maṣínì oníbàárà kan títí nọ́ọ̀tì náà fi kán, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ó ti múra láti ránṣẹ́ sí ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ ohun tó fa ìjà ni.

Ọkùnrin náà rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé yóò gbè é lẹ́yìn. Ìyá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Dúró ná. Ìwọ lo bá ọmọ ọlọ́mọ ṣe iṣẹ́ àmúrelé?"

"Màámi, ara rẹ̀ kò yá."

"O bá a ṣe é, o sì purọ́ pé òun ló ṣe é?" Ohùn tó fi ń bá kíláàsì wí ti jáde. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń lé irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì mi! Wọ́n á ní àwọn ń ran ọmọ lọ́wọ́. Wọn kò ràn án lọ́wọ́, wọ́n kàn ń sọ fún un pé kò lè ṣe é ni. Mi ò fẹ́ràn àkísà o. Ṣùgbọ́n ọmọ tó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì nà án, mélòó lo rí? Dìde níwájú mi. Lọ tọrọ àforíjì."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀sì wo?"

Ó bá aránṣọ ní ìdí fèrèsé, tó ń gbìyànjú láti fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ wú. Òwú náà ń yẹ̀.

"Mo purọ́ fún ọ," ni ọkùnrin náà wí láti ẹnu ọ̀nà. "Má bínú."

"Mo ti bínú tán. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárò rẹ, ìyẹn ló tún bí mi nínú jù." Òwú tún yẹ̀. "O rò pé mi ò ní parí rẹ̀. Bíi ti bàbá mi."

"Rárá o. Ẹkún rẹ ni mi ò lè wò. Ọwọ́ mi kì í gbélẹ̀ tí nǹkan bá bàjẹ́ níwájú mi. Mi ò ní fọwọ́ kan aṣọ yẹn mọ́ láé. Sọ ohun tí mo lè ṣe."

Obìnrin náà tún fi òwú sójú abẹ́rẹ́, ó tún yẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i. "Ojú rẹ̀ kéré jù fún mi. Èyí nìkan o."

Ọkùnrin náà gé orí òwú ní dídàgẹ̀rẹ̀, ó fi ìda díẹ̀ pa á kó má baà fọ́n, ó sì gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ náà. Òwú lówùúrọ̀, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń ráhùn, ó ń ṣe é. Nígbà tí àtúnbẹ̀rẹ̀ náà pé oṣù mẹ́fà, eyín dá obìnrin náà lóró, kò lè gbé orí. Ọkùnrin náà fi òwú sí abẹ́rẹ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì ki ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan kí wọ́n má baà ṣe àṣejù. Ojú ìrán mẹ́wàá péré ni obìnrin náà rán lọ́jọ́ náà, ó dà bí èékánná ọmọdé. Ó kà á mọ́ àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ tó parí, wọ́n kó tábìlì jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ìyá wá pẹ̀lú awò ojú rẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlà dé ìlà bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Ó dúró lórí àwòrán obìnrin kan tó na ìka sókè.

"Èmi rèé! Imú mi kò tóbi tó báyìí."

"Mo kúkú ti dín in kù díẹ̀, mà," ni aránṣọ wí.

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínláàádọ́rin," ni ìyá kéde. "Ó pé."

Bàbá aránṣọ kò gba olùkọ́ gbọ́. Ó tún un kà fúnra rẹ̀, ó ń sún kiri lórí orúnkún títí agogo fi lu méjìlá. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àwòrán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọmọ mi," ló wí, kò sì fi orúkọ ìnagijẹ kankan tì í. "O ṣe é tán."

Aránṣọ yíjú sí ọkùnrin náà. "Ọkọ mi, mo parí. Ṣé o ṣì ń fẹ́ mi?"

"Ẹ wo obìnrin yìí! Ọdún kan àti oṣù mélòó ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè yìí! Ọ́fíìsì ìgbéyàwó tí a ti forúkọ sílẹ̀ sí ń tì ní aago méjì. Jọ̀wọ́, olólùfẹ́ mi, mo fi gbogbo ohun tó o gbà gbọ́ bẹ̀ ọ́, wọ bàtà!"

Ó wọ ọ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago méjì lù nígbà tí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sórí ìwé wọn, tó sì fi í lé ìyàwó lọ́wọ́.