Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Bọ́láwálé

Ẹsẹ̀ méjì ni Tèmilọlá kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà. Wọ́n yọ síta lábẹ́ píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan létí títì Erio, ìbọ̀sẹ̀ kan dúdú, ìkejì pupa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na sípánà yẹn," ni ẹsẹ̀ wí.

Tèmilọlá na sípánà. Bọ́láwálé rá jáde tòun ti ọ́ìlì nímú, ó ní Arámọkọ lòun ń lọ, bí ọkọ̀ bá gbà. Ọkọ̀ gbà, Tèmilọlá sì bá a lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó sáré yípo, ó ṣílẹ̀kùn fún un bí ẹni gbé olorì, orí Tèmilọlá sì wú.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni, kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u, tó ń tò ó. Màmá Dorcas, ìyá Tèmilọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń wò wọ́n lójú fèrèsé.

"Ọmọlúàbí nìyí," ló wí. "Kó wá tọrọ rẹ."

Àfi lọ́jọ́ Ìsinmi tí Bọ́láwálé gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ti páàkì, wọ́n ké sí i pé jẹnẹrétọ̀ kú, ló bá sáré lọ, ó gbàgbé arúgbó sínú ọkọ̀. Màmá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn títí, kò ṣí. Ó kígbe, orin kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Nígbà tí Tèmilọlá jáde wá a, ìdajì ìyá rẹ̀ ti gba ojú fèrèsé bọ́ síta, gèlè wà nílẹ̀.

"Ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ la ń pè ní ìwà," ni Màmá wí. "Mi ò fún un lọ́mọ mọ́."

Ó dun Tèmilọlá wọra. Gbogbo ìgbà tí orí rẹ̀ ń wú, àṣé ọwọ́ ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ ni.

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òótọ́ ni, ojú ló tì mí," ni Bọ́láwálé jẹ́wọ́. "Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún un ṣe ni, ìfẹ́ mi. Mo fẹ́ràn kí n máa yípo wá bá ọ."

"Lọ tún un ṣe," ni Tèmilọlá wí.

Ó tún un ṣe. Màmá wọlé sínú ọkọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó tì í, ó tún ṣí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn méjèèjì wà á dé ìkóríta kí wọ́n padà, òun ń wò wọ́n láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọkọ̀ padà dé, ó dúró. Tèmilọlá fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó rọ̀. Ó gbọ́wọ́ kúrò, ó gbé e lé itan. Bọ́láwálé ti ń sáré yípo, sálúbàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sẹ́yìn, ó ṣílẹ̀kùn.

"Ṣé kò ṣí látinú ni?" ni Màmá bi ọmọ rẹ̀.

"Ó ń ṣí, mà."

"Kí lo wá jókòó dè?"

"Òun ni, mà."

Màmá wò wọ́n títí, ó wá kọjú sílé.

"Ẹ wọ ulé. Kó fọwọ́ kó tó dọ̀bálẹ̀ fún mi, mi ò fẹ́ ọ́ìlì lórí kápẹ́ẹ̀tì."